Orísun Dátà Wo Ló Yẹ Ìwádìí Yín? Ìfiwéra fún Àwọn Tó Ń Ṣe Ìwádìí lórí Ìṣirò Owó àti Owó Orí ní Nàìjíríà

Kí ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí ìṣirò owó, owó orí tàbí ìròyìn ìnáwó ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà tó lè kọ orí kẹta iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí a ti ń ṣàlàyé ọ̀nà ìwádìí, ó gbọ́dọ̀ ti pinnu ibi tí dátà rẹ̀ yóò ti wá. Ọ̀nà mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbà. Àwọn kan máa ń lo ìròyìn ọdọọdún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìpín ìdókòwò lọ́jà, àwọn kan máa ń pín ìwé ìbéèrè, àwọn kan máa ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lẹ́nu wò, àwọn yòókù sì máa ń lo àkójọ ìṣirò tí ìjọba fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde. Mo kọ ìfiwéra yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún àṣekágbá, fún ẹni tó ń kàwé oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé, àti fún akáùntáǹtì tó fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ fún jọ́nà. Èrò mi ni pé ìbéèrè ìwádìí ló yẹ kó yan orísun dátà. Ohun tí mo sì ń rí lemọ́lemọ́ ni pé orísun tó rọrùn ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń mú, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wá ìbéèrè tí yóò bá a mu.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ohun márùn-ún ló yẹ kí ẹ fi wọn orísun kọ̀ọ̀kan. Èkíní, tó sì ju gbogbo ìyókù lọ, ni bóyá ìdáhùn sí ìbéèrè yín wà nínú rẹ̀ rárá. Bí ìbéèrè bá jẹ́ nípa ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe, àkọsílẹ̀ ohun tó ṣe ni ẹ nílò. Bó bá jẹ́ nípa èrò ọkàn ènìyàn, ènìyàn ni ẹ ó lọ bi. Èkejì ni ìgbẹ́kẹ̀lé: bí ẹlòmíràn bá tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣé ohun tí ẹ bá ni yóò bá? Ẹ̀kẹta ni owó tí yóò ná yín, ẹ̀kẹrin ni àkókò, ẹ̀karùn-ún sì ni ìmọ̀ tí ẹ ti ní lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tí kò tíì fi ọwọ́ kan Stata tàbí EViews, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò dátà, rí kò gbọdọ̀ fi oṣù tó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ.

Ìròyìn ọdọọdún àwọn ilé-iṣẹ́

Fún ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ dá lórí èrè, gbèsè, owó orí tí ilé-iṣẹ́ ń san, tàbí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀lé ìlànà ìṣirò owó, kò sí orísun tó sàn ju èyí lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè rí i lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti lórí ìkànnì NGX, ìyẹn ọjà ìpín ìdókòwò tí a ń pè ní Nigerian Stock Exchange kí ètò rẹ̀ tó yí padà ní 2021. Ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣí ojú ìwé kan náà láti mọ̀ bóyá nọ́ńbà tí ẹ kọ bá tibẹ̀ mu. Àkókò ló ń gbà. Ilé-iṣẹ́ 20 fún ọdún 10 jẹ́ ìròyìn 200, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì gùn gan-an. Bí ẹ kò bá lówó láti ra dátà tí àwọn bíi Bloomberg ti tò sílẹ̀, ọwọ́ ni ẹ ó fi kó o sínú Excel. Mo rọ̀ yín kí ẹ fi ọwọ́ kó o bí ẹ tilẹ̀ lówó rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ṣí ìwé náà fúnra rẹ̀ ló máa ń rí ohun tí kò sí nínú dátà tí a tò fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan dáadáa, torí pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí owó orí ti ń wọ́. Ká sọ pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan jèrè bílíọ̀nù 1 náírà kí a tó yọ owó orí. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin là sílẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 300. Ẹ wá ṣí àlàyé lórí owó orí tó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò náà, níbi tí IAS 12, ìlànà ìṣirò àgbáyé lórí owó orí, ti ní kí ilé-iṣẹ́ fi hàn bí ó ṣe ti mílíọ̀nù 300 dé iye tó kọ sílẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n yọ mílíọ̀nù 90 nítorí èlé orí bọ́ǹdì ìjọba tí òfin kò gba owó orí lórí rẹ̀, wọ́n fi mílíọ̀nù 20 kún un nítorí ìnáwó tí òfin kò fàyè gbà, wọ́n tún fi mílíọ̀nù 30 kún un fún owó orí ètò ẹ̀kọ́ gíga. Àpapọ̀ rẹ̀ di mílíọ̀nù 260, ìyẹn ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún èrè. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 80 nínú rẹ̀ jẹ́ owó orí tí a sún sí ọjọ́ iwájú, nítorí pé òfin owó orí kò ka ìdínkù iye dúkìá tí ilé-iṣẹ́ ṣírò sí. Ẹ̀dínwó tí òfin fúnra rẹ̀ ṣètò fún ẹ̀rọ àti ilé ló ń lò. Owó orí tó jẹ́ ti ọdún náà gan-an wá jẹ́ mílíọ̀nù 180, ìdá 18. Bí ẹ bá tún lọ sí ìwé tó ń ṣàfihàn owó tó wọlé àti owó tó jáde, ẹ ó rí i pé mílíọ̀nù 150 péré ni ilé-iṣẹ́ san fún ìjọba lọ́dún náà, torí pé owó orí lórí èrè èṣí ni wọ́n sábà ń san lọ́dún yìí.

Ìdá 26, ìdá 18, ìdá 15, gbogbo rẹ̀ láti inú ìwé kan ṣoṣo. Ẹni tó ń wádìí bóyá ilé-iṣẹ́ ń fi ọgbọ́n yẹra fún owó orí lè rí èsì mẹ́ta tí kò bára mu nípa èyí tó bá mú. Ó gbọ́dọ̀ sọ èyí tó lò, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ó dùn mí pé mo ti ka iṣẹ́ púpọ̀ tí wọ́n kàn kọ "owó orí" sínú tábìlì, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

Ìṣúra mìíràn wà nínú ìròyìn wọ̀nyí tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ọjà ìpín bẹ̀rẹ̀ sí í lo IFRS, ìlànà àgbáyé fún ìròyìn ìnáwó, dípò ìlànà tí Nàìjíríà ń lò tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tí òfin 2011 ti dá Financial Reporting Council, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìròyìn ìnáwó, sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fi ọdún tó ṣáájú 2012 wé ọdún tó tẹ̀lé e láti mọ̀ bóyá IFRS mú ìròyìn dára sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ló tún yí padà láàárín ọdún wọ̀nyẹn. IFRS 1 ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń yí ìlànà padà tún ọdún tó ṣáájú ṣírò, kí ó sì fi ìyàtọ̀ hàn. Nítorí náà, ọdún 2011 wà lẹ́ẹ̀mejì fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́: lọ́nà àtijọ́ nínú ìròyìn 2011, àti lọ́nà tuntun nínú ìròyìn 2012. Òwò kan náà ni wọ́n ṣe, oníbàárà kan náà ni wọ́n ní, ìlànà ìṣirò nìkan ló yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí IFRS gan-an ṣe sí èrè àti sí owó àwọn onípìn-ín kò lè rí ìfiwéra tó mọ́ ju èyí lọ.

Àléébù orísun yìí kò kéré, ẹ má fojú fo ó. Èkíní ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó kú kì í sí nínú àkójọ. Ẹni tó bá fi àwọn báńkì tó wà lónìí ṣèwádìí nípa ọdún 2000 sí 2010 ti gbàgbé pé báńkì 89 ló wà kí Báńkì Àpapọ̀ tó gbé owó ìdásílẹ̀ báńkì láti bílíọ̀nù 2 lọ sí bílíọ̀nù 25 náírà, àti pé 25 ló kù ní ìparí 2005. Bí ẹ bá ń wá ohun tó ń mú kí báńkì wó, tó sì jẹ́ pé àwọn tí kò wó nìkan ni ẹ kó jọ, ìdáhùn ti sọnù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni ọdún 2023. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn ilé-iṣẹ́ tó jẹ gbèsè dọ́là pàdánù owó tó pọ̀ débi pé owó àwọn onípìn-ín nínú ìwé MTN Nigeria àti Nestlé Nigeria lọ sábẹ́ òdo ní ìparí ọdún. Ẹ wá wo ohun tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe: bí ẹ bá fi àdánù pín sí owó onípìn-ín tó ti lọ sábẹ́ òdo, nọ́ńbà tó dára lójú ni yóò jáde, ilé-iṣẹ́ tó pàdánù jù lọ á sì dà bí èyí tó jèrè jù lọ. Ẹni tí kò bá wo dátà rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò tẹ irọ́ yìí jáde láìmọ̀.

Ẹ̀kẹta, àyẹ̀wò ọ́dítọ̀ kò sọ ìwé di òtítọ́ pátápátá. Ní 2006, Cadbury Nigeria fúnra rẹ̀ kéde pé wọ́n ti bù mọ́ nọ́ńbà inú ìwé ìṣirò òun fún ọdún mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ọ́dítọ̀ ti buwọ́ lu àwọn ìwé náà. Láti ìgbà tí Jones ti gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 1991, tí Dechow, Sloan àti Sweeney sì tún un ṣe ní 1995, àwọn olùwádìí ti ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń wá èrè tí a ti fi ọwọ́ tì sókè. Ṣùgbọ́n ìfura ni ọ̀nà yẹn ń mú wá. Kì í ṣe ẹ̀rí, kò sì yẹ kí a dárúkọ ilé-iṣẹ́ kan ní ọ̀daràn nítorí rẹ̀.

Ìwé ìbéèrè

Ìwé ìbéèrè ni wọ́n ń lò jù, òun náà sì ni wọ́n ń ṣì lò jù. Owó rẹ̀ kò pọ̀ bí ẹ bá fi Google Forms pín in. Bí ẹ bá ń gbé e káàkiri ọjà, ẹ ó san owó ọkọ̀ àti ti àwọn tó ń ràn yín lọ́wọ́. Ó yára, SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò ìdáhùn, sì rọrùn láti kọ́. Ẹ rántí pé ìlànà Taro Yamane tí gbogbo ènìyàn ń dà kọ kò ṣe ju kí ó sọ iye ènìyàn tí ẹ ó bi léèrè lọ: fún àwùjọ 1,000 pẹ̀lú àṣìṣe ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò ní kí ẹ mú 286. Kò sọ pé kí ẹ mú ẹni 286 tó súnmọ́ yín jù. Bákan náà, bí Cronbach alpha yín bá kọjá 0.7, ohun tó fi hàn ni pé àwọn ìbéèrè yín ń bára wọn rìn. Àwọn tó dáhùn lè jọ máa purọ́ kan náà.

Ohun tí mo kọ̀ pátápátá ni kí ẹnìkan bi àwọn akáùntáǹtì 120 bóyá wọ́n gbà pé IFRS mú ìròyìn ìnáwó dára sí i, kí ó wá parí rẹ̀ pé IFRS mú un dára sí i. Èrò akáùntáǹtì ló rí. Ìwé ìṣirò wà nílẹ̀ tí kò ṣí.

Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè kan wà tí kò sí ọ̀nà mìíràn fún. Oníṣòwò kéékèèké kì í tẹ ìwé ìṣirò jáde. Ìdí tí àwọn kan fi ń san owó orí tí àwọn mìíràn kò sì san kò sí nínú ìròyìn ilé-iṣẹ́ kankan. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Allingham àti Sandmo sọ ní 1972 pé ènìyàn ń wọn bóyá wọn yóò mú òun àti bí ìyà náà yóò ṣe tó. Kirchler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kún un ní 2008 pé bí ará ìlú ṣe fọkàn tán ìjọba náà ń kópa. Ìfọkàntán kì í sí nínú ìwé ìṣirò, ẹ ní láti béèrè. Ẹ má bi ènìyàn tààrà pé ṣé ó ń sá fún owó orí, torí ìdáhùn tí ẹ ó gbà kò ní wúlò. Ẹ bi í nípa àwọn tó ń ṣe irú òwò rẹ̀ ládùúgbò. Ẹ sì ya oríṣi owó tó ń san sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà lè san owó tíkẹ́ẹ̀tì fún ìjọba ìbílẹ̀, owó ẹgbẹ́ fún ìyálọ́jà, àti owó orí ìpínlẹ̀ nínú ọdún kan náà, lójú rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ló ti san. Bí ìwé yín bá kàn bi í bóyá ó ń san owó orí, bẹ́ẹ̀ ni ni yóò dáhùn, òótọ́ ló sì sọ.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ọ̀nà yìí yẹ fún ìbéèrè tó ń bèèrè bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀: bí òṣìṣẹ́ owó orí ṣe ń yan ilé-iṣẹ́ tí yóò yẹ̀ wò, tàbí ohun tí ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò ìṣirò ẹlẹ́ni márùn-ún tí òfin ilé-iṣẹ́ 2020 là sílẹ̀, onípìn-ín mẹ́ta àti olùdarí méjì, ń sọ gan-an nígbà tí ọ́dítọ̀ bá kó ẹjọ́ wá. Ènìyàn 15 sí 25 tó mọ iṣẹ́ náà dunjú lè tó. Owó rẹ̀ kò pọ̀, àkókò rẹ̀ ló pọ̀: ọ̀rọ̀ wákàtí kan lè gba ọjọ́ kan láti tẹ̀, lẹ́tà ìyọ̀ǹda sì lè pẹ́ lórí tábìlì ọ̀gá kan fún oṣù méjì. Ẹlòmíràn kò lè tún un ṣe gẹ́lẹ́ bí ẹ ti ṣe é, nítorí náà ẹ kọ bí ẹ ṣe yan olúkúlùkù sílẹ̀, kí ẹ sì pa orúkọ wọn mọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó kò fẹ́ràn iṣẹ́ tí kò ní tábìlì nọ́ńbà, ẹ bá alábòójútó yín sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àkójọ ìṣirò ìjọba

Ìwé ìṣirò ọdọọdún Báńkì Àpapọ̀, ti ilé-iṣẹ́ ìṣirò orílẹ̀-èdè NBS, àti ti àjọ tó ń gba owó orí ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ọjọ́ kan sì tó láti kó wọn jọ. Ìdí nìyẹn tí àkòrí bíi "ipa owó orí lórí ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé" fi kún àwọn yàrá ìkàwé wa. VAT, owó orí tí a ń san lórí ọjà tí a bá rà, bẹ̀rẹ̀ ní 1994, ẹni tó bá sì kó o dé 2024 ní nọ́ńbà 31 péré, tó wá ń fi wọ́n wọn ipa ohun mẹ́fà tàbí méje lẹ́sẹ̀ kan náà. Owó orí ń gòkè, ọrọ̀ ajé ń gòkè, torí pé iye náírà ń dínkù tí gbogbo nǹkan sì ń wọ́n. Àwọn méjèèjì yóò dà bí ẹni pé wọ́n so mọ́ra bí kò tilẹ̀ sí ìsopọ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ọrọ̀ ajé Granger àti Newbold ti kìlọ̀ nípa èyí láti 1974.

Àwọn nọ́ńbà náà sì máa ń yí ìtumọ̀ padà lójú ọ̀nà. Ní oṣù kẹrin 2014, NBS sún ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀ láti 1990 sí 2010, ọrọ̀ ajé ọdún 2013 sì fò láti nǹkan bíi tírílíọ̀nù 42 náírà sí tírílíọ̀nù 80. Ìpín owó orí nínú ọrọ̀ ajé fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì láìsí ẹni tó dín owó orí rẹ̀ kù. Wọ́n tún sún ìpìlẹ̀ náà sí 2019 ní ọdún 2025. VAT fúnra rẹ̀ kúrò ní ìdá 5 lọ sí 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kejì 2020. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2026, àwọn òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Nigeria Revenue Service gba ipò FIRS tó ń gba owó orí ìjọba àpapọ̀ tẹ́lẹ̀, owó orí ètò ẹ̀kọ́ gíga tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lókè sì wọ inú owó ìdàgbàsókè kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ so ọdún tó ń bọ̀ mọ́ àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí okùn ti já.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí mo fẹ́ràn. Dípò Nàìjíríà lápapọ̀, ẹ mú owó tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń pa wọlé fúnra rẹ̀, èyí tí NBS ń tẹ̀ jáde. Ìpínlẹ̀ 36 pẹ̀lú Àbújá fún ọdún 8 jẹ́ nọ́ńbà 296, ẹ sì lè fi Èkìtì wé Ọ̀ṣun, kí ẹ fi Ògùn tó súnmọ́ Èkó wé Kwara.

Ta ni kó mú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ tó ní sẹ́mẹ́sítà kan, kó mú ìròyìn ọdọọdún ilé-iṣẹ́ 10 nínú ẹ̀ka òwò kan fún ọdún 5. Excel àti gretl, ètò ìṣirò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó fún un. Bí àkòrí rẹ̀ bá jẹ́ IFRS, kó lọ tààrà sí ọdún 2011 tó wà lẹ́ẹ̀mejì yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ yóò kéré, yóò sì mọ́.

Ẹni tó ń wádìí àwọn oníṣòwò kéékèèké tàbí ìdí tí ènìyàn fi ń sá fún owó orí, ìwé ìbéèrè ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n kó ní àkójọ orúkọ tí yóò ti yan ènìyàn, bíi ìwé ẹgbẹ́ ọlọ́jà, kó sì bi wọ́n ní Yorùbá bó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Ẹni oyè kejì tó nífẹ̀ẹ́ sí owó tó ń wọlé fún ìjọba, kó mú dátà àwọn ìpínlẹ̀. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lo nọ́ńbà 31 ti orílẹ̀-èdè àyàfi bí alábòójútó rẹ̀ bá mọ ìṣirò onígbà-dé-ìgbà dáadáa.

Akáùntáǹtì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yẹ jù, torí pé ilẹ̀kùn yóò ṣí fún un. Kó má fi ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ tàbí oníbàárà rẹ̀ ṣe é, nítorí ìlànà iṣẹ́ dè é láti pa àṣírí wọn mọ́. Àwọn tiwa tó ń kàwé ní Britain ní àǹfààní tí àwọn tó wà nílé kò ní: Companies House, ibi tí ìjọba ibẹ̀ ti ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ń fún ènìyàn ní ìwé ìṣirò tí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ibẹ̀ pàápàá fi sílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì lè fi wádìí ohun tí ìròyìn NGX kò lè dáhùn nípa ilé-iṣẹ́ tí kò sí lórí ọjà ìpín.

Ẹni tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ní àkókò láti so méjì pọ̀. Kó kọ́kọ́ fi ìròyìn ọdọọdún wá àwọn ilé-iṣẹ́ tí owó orí wọn kéré ju bí ó ti yẹ lọ, kó wá lọ bi àwọn ọ̀gá owó orí àti ọ́dítọ̀ bí irú rẹ̀ ṣe ń wáyé. Ọjọ́ tó bá ṣí ìròyìn àkọ́kọ́ náà ni kó fi lẹ́tà ìyọ̀ǹda ránṣẹ́, nítorí pé yóò ti kó gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ jọ kí èsì tó dé.